Ìwé Rẹ Dà? Ọ̀rọ̀ Lórí Òfin Àlejò Tó Ń Yí Padà

   

Ẹ̀yin Yorùbá ará wa ní Kakpagyili àti káàkiri Tamale ní Gáná níbí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni mo gbé wá lónìí. Ọmọ tó ti gba oyè ní yunifásítì UDS, nọ́ọ̀sì tó ti yege tó ń retí kí ìjọba pè é síṣẹ́, ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Tamale Technical University. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n á ní Ìlú Ọba, wọ́n á ní Amẹ́ríkà. Òfin tí àwọn ìlú wọ̀nyí fi ń gba àwọn tó kàwé àti àwọn tó mọ iṣẹ́ láti òkèèrè ti ń yí padà, kíákíá ló sì ń yí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká wo ilé náà dáadáa.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ di mú nínú gbogbo ohun tí mo bá sọ. Tí ẹ bá gbọ́ pé òfin ti yí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bèèrè ni pé: ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, irú ìwé wo ló sì wà lọ́wọ́ ọmọ mi lọ́jọ́ náà? Mo tún un sọ o. Ọjọ́ wo ni òfin bẹ̀rẹ̀, irú ìwé wo ló sì wà lọ́wọ́ ọmọ mi lọ́jọ́ náà?

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn báyìí? Nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí ní Tamale níbí. Àwọn àgbà tó ń gbọ́ mi á rántí. Ní 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Abrefa Busia kéde pé àjèjì yòówù tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kúrò ní Gáná. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré. Ta ni wọ́n ń pè ní àjèjì? Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ará Ṣakí ni, ará Ìgbẹ́tì ni. Àwọn tó ti ń tajà ní Tamale kí Gáná tó gba òmìnira ni. Ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Gold Coast, ìyẹn Gáná ìgbà náà, àti Nàìjíríà ni wọ́n wọ̀lú, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n ní ìwé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ń bẹ nínú wọn, tí wọn kò tíì fojú kan Nàìjíríà rí, tí Dàgbáni yọ̀ lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ.

Kí ni èèyàn lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹ rò ó wò. Ọjà kún sọ́ọ̀bù, gbèsè wà lọ́wọ́ oníbàárà, ilé tí a kọ́ wà nílẹ̀, ọmọ wà ní ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo àjèjì ló ń tà lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò rà á ní iye tó tọ́? Wọ́n ta ọjà ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n fi gbèsè sílẹ̀, wọ́n kó sínú lọ́rí, wọ́n gba Togo àti Dahomey kọjá, èyí tí à ń pè ní Benin lónìí, wọ́n wọ Nàìjíríà. Ẹ fetí sí ibi tí mo ń lọ. Ní ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò bèèrè bóyá o mọ iṣẹ́, bóyá o ń san owó orí, bóyá o jẹ́ èèyàn dáadáa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà: ìwé rẹ dà?

Ẹ má sì rò pé Gáná nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Àwa ọmọ Nàìjíríà náà ṣe é fún wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, lábẹ́ ìjọba Alhaji Shehu Shagari, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé Nàìjíríà, Alhaji Ali Baba, pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Àwọn ará Gáná ló pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù ni gbogbo wa ń pè ní Ghana Must Go títí di òní, orúkọ náà sì ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ. Nínú àṣẹ ọdún 1983 yìí, wọ́n ya ẹni tó mọ iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ ní láti lọ kí oṣù kìíní tó tán. Nọ́ọ̀sì, tíṣà, bíríkìlà àti káfíńtà rí oṣù kan lé e, títí di 28 oṣù kejì. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ fi oṣù kan kún ọjọ́ wọn. Kò sọ wọ́n di onílé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká rékọjá sí Ìlú Ọba, nítorí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọmọ wa ń wò.

Ní 12 oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba Keir Starmer gbé ìwé àbá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò. Wọ́n ní àwọn tó ń wọlé ti pọ̀ jù, pé àwọn fẹ́ kí ilé iṣẹ́ kọ́ ọmọ onílùú níṣẹ́ kó tó máa wá èèyàn láti òkèèrè. Àbá ni o, kò tíì di òfin nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, ìjọba gbé àtúnṣe síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù keje, apá kan nínú àbá náà ti di òfin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Báwo ló ṣe yá tó bẹ́ẹ̀? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyí. Ìlànà ìwọ̀lú Ìlú Ọba kì í sábà kọjá gbogbo ìpele tí òfin ń kọjá. Mínísítà á kàn gbé ìwé àtúnṣe sílẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin. Bí wọn kò bá dìbò takò ó láàárín ogójì ọjọ́, ó ti dúró nìyẹn. Kódà ó lè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ogójì ọjọ́ náà tó pé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń dúró kí rédíò kéde pé wọ́n ti jókòó ṣòfin, kó tó palẹ̀ mọ́, ó ti pẹ́.

Kí wá ni òfin tuntun náà sọ? Mo máa mú èyí tó kàn wá. Àkọ́kọ́, ẹni tí ilé iṣẹ́ fẹ́ gbà láti òkèèrè gbọ́dọ̀ wá fún iṣẹ́ tó tó ti ẹni tó gba oyè yunifásítì. Owó oṣù tí wọ́n máa san fún un náà ti gòkè: fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ tó 41,700 pọ́n-ùn lọ́dún, àmọ́ iye tó kéré sí i wà fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àti fún àwọn nọ́ọ̀sì. Èkejì, èyí gan-an ni kí ẹ̀yin ìyá fetí sí: iṣẹ́ títọ́jú arúgbó, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní care, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹni tó bá ń ti òkèèrè bọ̀. Láti 22 oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n ti tì í. Ẹni tó bá wọlé tọ̀ yín wá ní Kakpagyili lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, tó ní òun ní físà care lọ́wọ́, pé kí ẹ mú owó wá, ẹ sọ fún un pé kó máa lọ. Ẹ má ta ilẹ̀. Ẹ má ta màlúù. Ẹ má yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kò sí físà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì ṣì wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pàtàkì kan wà níbẹ̀. Ní ọdún 2023, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tẹ orúkọ orílẹ̀-èdè márùn-ún lé láàádọ́ta jáde, àwọn tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó nílé. Gáná wà níbẹ̀, Nàìjíríà wà níbẹ̀, Benin àti Togo wà níbẹ̀. Ìlú Ọba gbà láti tẹ̀ lé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn wọn àti ejẹ́ńtì wọn kò gbọdọ̀ wá dẹ pańpẹ́ òṣìṣẹ́ ní Tamale, àyàfi tí ìjọba méjèèjì bá ti fọwọ́ sí àdéhùn. Nọ́ọ̀sì lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé béèrè iṣẹ́, wọ́n á sì gbà á bó bá yege. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ní Tamale, tó ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló rán òun wá kó nọ́ọ̀sì, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìjọba Ìlú Ọba ń gbé orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti gba àlejò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Kí ọmọ yín ṣí i kó tó san kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kàwé jáde. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé bí ọmọ bá ti gba oyè ní Ìlú Ọba, ó ti dé ibi tó ń lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka físà kan wà tí wọ́n ń pè ní Graduate. Ó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó parí láǹfààní láti dúró kó sì ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, láìní onígbọ̀wọ́. Ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀ díẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n pa á rẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2012. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó dá a padà, ní oṣù keje ọdún 2021. Ní báyìí, wọ́n ti gé e kù. Ẹni tó bá béèrè láti 1 oṣù kìíní ọdún 2027 síwájú, oṣù méjìdínlógún ló máa rí gbà. Àwọn tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nìkan ni ọdún mẹ́ta wọn dúró.

Ẹnì kan lè ní oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n yọ, kí ló wá ṣe bàbàrà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká bá ọmọ náà ka oṣù rẹ̀. Oṣù kìíní sí ìkẹta, ó ń wá yàrá tí owó rẹ̀ kò ní pa á lára, ó ń wá iṣẹ́ kékeré tó máa fi jẹun. Lẹ́yìn náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé síbi iṣẹ́ gidi. Àwọn tó bá pè é á bi í pé ìgbà wo ni físà rẹ̀ máa tán. Ilé iṣẹ́ tí kò ní àṣẹ láti gba àlejò á fà sẹ́yìn níbẹ̀. Èyí tó ní àṣẹ á ṣírò owó: owó àṣẹ, owó tí ìjọba ń gbà lórí òṣìṣẹ́ àjèjì, owó oṣù tó ti gòkè. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ máa san owó ìlera, 1,035 pọ́n-ùn fún ọdún kan, àti owó físà. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ mọ̀ pé oṣù mẹ́fà tó kẹ́yìn ló sábà máa ń so èso, nígbà tí ilé iṣẹ́ ti mọ ọ́, tí wọ́n ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà yẹn gan-an ni wọ́n gé.

Èyí tó dùn mí jù kò tíì di òfin nígbà tí wọ́n gbé e jáde, àbá ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Shabana Mahmood, sọ fún àwọn aṣòfin pé àlejò tó ń ṣiṣẹ́, tó ń retí ọdún márùn-ún kó tó gba ìwé àṣẹ ìgbélùú láìsí gbèdéke, kó máa retí ọdún mẹ́wàá báyìí. Àwọn tó ń gba owó ńlá lè rí i kíákíá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba á dúró lórí ọdún márùn-ún. Àwọn tó wá tọ́jú arúgbó, tí iṣẹ́ wọn kò tó ti oyè yunifásítì, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n pè fún wọn. Wọ́n sì ní kí aráàlú sọ tẹnu wọn títí di oṣù kejì ọdún 2026.

Kí ló wá burú níbẹ̀? Ìjọba ló ni ìlú rẹ̀, ó lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ bó bá fẹ́. N kò bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń bá a wí ni pé àbá náà fẹ́ mú àwọn tó ti wà nínú ilé. Ẹni tó dé ní ọdún 2022, tí wọ́n sọ fún pé ọdún márùn-ún ni, tó fi ìyẹn pinnu ibi tí ọmọ rẹ̀ máa kàwé, tó ń fọ ara arúgbó lóru nígbà tí àwọn ọmọ onílùú kò fẹ́ ṣe é, wọ́n wá ń sọ fún un lójú ọ̀nà pé ọ̀nà náà ti gùn sí i. Kò dáa. Bí àtúnṣe bá máa wáyé, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni kó kàn. Àwọn àtúnṣe oṣù keje ọdún 2025 ṣì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó ti ní ìwé lọ́wọ́. Èyí kò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ níbẹ̀, kó pè é lónìí, kó bi í pé ọdún mélòó ló kù kó tó béèrè ìwé àṣẹ ìgbélùú láìsí gbèdéke náà. Bó bá ti tó àkókò, kó má ṣe sún un síwájú rárá.

Amẹ́ríkà ńkọ́? Ti ibẹ̀ yára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu ìkéde kan lórí físà H-1B, èyí tí ilé iṣẹ́ fi ń gba àwọn tó mọ iṣẹ́ gan-an. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ mú ẹni tuntun wọlé láti òkèèrè máa san 100,000 dọ́là. Lọ́jọ́ 21, ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré. Àwọn tó ti ní ìwé, tí wọ́n kàn lọ kí ẹbí nílé, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wá ọkọ̀ òfuurufú, kí ìjọba tó wá ṣàlàyé pé kò kàn wọ́n. Ẹni tó ti kàwé ní Amẹ́ríkà tó sì ṣì wà níbẹ̀ ní àǹfààní ju ẹni tó ń ti Tamale kọ̀wé lọ.

Ẹ bá mi wò ó. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ní Accra. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ méjì ní Washington. Ta ni òfin fojú fò nínú gbogbo rẹ̀? Ẹni tí ìwé rẹ̀ ti pé kí ọjọ́ náà tó dé ni.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ẹ̀yìn òkun. Àwa tí a jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní Tamale ńkọ́? Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti wọlé láìsí físà. Ẹni tó bá máa jókòó, tó máa ṣiṣẹ́, ìwé àṣẹ ìgbélùú àti ti iṣẹ́ ni òfin Gáná béèrè, òfin Act 573 ti ọdún 2000. Ọmọ Nàìjíríà tó gba oyè, tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni níbí, kò bọ́ nínú rẹ̀ nítorí pé ó kàwé. Ọmọ tí a bí sí Tamale kò sì di ọmọ Gáná nítorí ìbí nìkan. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn kan tú jáde ní Accra, wọ́n ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ìjọba kò lé ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Ẹ lọ tún ìwé yín ṣe ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n nígbà tí ìlú ṣì tòrò. Ẹ gba ìwé ọjọ́ ìbí fún ọmọ.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ìjọba wa náà. Gáná lo owó ìlú kọ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ wọn sì jókòó sílé, wọ́n ń retí iṣẹ́ nígbà tí aláìsàn ń tò ní ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá sì máa lọ, ṣé kò ní sàn kí ìjọba bá ìjọba sọ̀rọ̀? Ní ọdún 2020, Gáná fi nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí Barbados lórí àdéhùn tí ìjọba méjèèjì ti jọ fọwọ́ sí, àwọn tó lọ sì mọ iye ọdún tí wọ́n máa lò àti owó tí wọ́n máa gbà kí wọ́n tó gbéra. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́. Ó sàn ju kí ọmọ ẹni máa tẹ̀ lé ejẹ́ńtì tí a kò mọ ilé bàbá rẹ̀.

Àkókò wa ń tán lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń kàwé ní Ìlú Ọba lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ bá mi jẹ́ iṣẹ́ yìí fún un lálẹ́ òní. Inú Ìlú Ọba níbẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ béèrè físà Graduate, kì í ṣe láti Tamale, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ti fi tó ìjọba létí pé ó parí. Bó bá fẹ́ kí ọdún méjì pé fún òun, ìbéèrè rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kí 31 oṣù kejìlá ọdún 2026 tó kọjá. Kó má padà wálé kó tó ṣe é.